Agẹ̀gùn Bàálù

Kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó kí ọ̀rọ̀ náà "bàálù" tó wọ èdè Yorùbá. Àwọn tó kọ́kọ́ rí i lókè gbọ́ orúkọ tí òyìnbó ń pe nǹkan aláfẹ́fẹ́ tó ń fò, wọ́n sì fi sọ gbogbo ohun tó bá ń fò tí kì í ṣe ẹyẹ. Nígbà tó yá ni "ọkọ̀ òfurufú" dé, ìyẹn sì dára fún ìwé ìròyìn àti rédíò. Ẹni tó fẹ́ wọ bàálù kò ṣàìní ọ̀rọ̀: ó ní tíkẹ́ẹ̀tì, ó ní ìwé ìrìnnà, ó ní pápákọ̀, ó ní awakọ̀ òfurufú. Ẹlikọ́pítà pàápàá ti di àgbérapá lẹ́nu àwọn oníròyìn. Ẹni tí kò rìnrìn àjò lọ síbì kankan ńkọ́, tó kàn lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ nítorí pé bàálù wù ú í wò? Olúwa rẹ̀ kò ní orúkọ, ọ̀pọ̀ ohun tó ń rí kò sì ní. Ọ̀kan nínú wọn ni mí, mo sì fẹ́ kí a ní ọ̀rọ̀.

Heathrow ní ìlú London ni ìfẹ́ yìí ti wọ̀ mí lára, ní ìparí àwọn ọdún 1970, nígbà tí bàbá mi ń kàwé níbẹ̀. Ilé kan wà láàárín pápákọ̀ náà tí wọ́n ń pè ní Queens' Building. Ọdún 1955 ni wọ́n ṣí i, wọ́n sì ṣe òrùlé rẹ̀ fún àwọn èèyàn láti dúró wòran. Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ìsìn, ibẹ̀ là ń lọ. Àwọn ọmọkùnrin òyìnbó a gbé awò-awọ̀nàjíjìn kọ́rùn, wọn a mú ìwé pélébé ti Ian Allan dání, èyí tí nọ́ńbà ara bàálù kún inú rẹ̀ dẹ́nu. Èyí tí wọ́n bá ti rí, wọn a fi rúlà àti bírò fa ìlà sí i nídìí. Òórùn epo bàálù a máa bá atẹ́gùn wá sí wa nímú, ariwo a sì pọ̀ débi pé èèyàn á gbé ọ̀rọ̀ mì títí bàálù á fi kọjá.

Àwọn Yorùbá kì í wọ́n lórí òrùlé yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, ẹlòmíràn wá sin èèyàn, ẹlòmíràn wá pàdé ìyàwó tó ń bọ̀ láti Èkó. Kò sí èyí tó kọ́ iṣẹ́ bàálù nínú wọn, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ kò wọ́n wọn. "Ó ti na ẹsẹ̀" ni wọ́n máa ń wí bí táyà bá jáde lábẹ́ ikùn rẹ̀. "Ó ti tú ìyẹ́" ni ti àwọn irin pẹlẹbẹ tó máa ń yọ lẹ́yìn apá kí bàálù lè rọra fò láìjá. Bí táyà bá kan ilẹ̀ tí èéfín sọ, wọn a ṣèdájọ́: "Ó bà wọ́ọ́rọ́wọ́", tàbí "Kò bà á re rárá".

Ẹyẹ ni wọ́n wò kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Bà ni ẹyẹ ń bà, òun náà ló wà nínú "balẹ̀" tí gbogbo wa ń lò fún bàálù láìronú mọ́. Wọ́n sì ya apá sọ́tọ̀ kúrò lára ìyẹ́: apá ni èyí tó tóbi tó dúró lójú kan, ìyẹ́ ni èyí tó ń yọ tó ń wọlé. Orúkọ gígùn tó ń ṣàlàyé iṣẹ́ irin náà yẹ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó dúró lórí òrùlé nílò èyí tó kúrú, tó sì hàn sójú.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti rà bàbà. Bí bàálù tó ń bọ̀ wá sí Heathrow bá pọ̀ ju èyí tí ilẹ̀ lè gbà lọ, òkè ni wọ́n ti ń dúró de ara wọn, ní ibi mẹ́rin: Bovingdon, Lambourne, Ockham àti Biggin. Wọn á máa yí po, ọ̀kan lókè èkejì, ẹgbẹ̀rún ẹsẹ̀ bàtà láàárín wọn, èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n á kọ́kọ́ pè wálé. Mo ti gbọ́ tí wọ́n pe èyí ní "ìdádúró". Ọ̀rọ̀ èrò ọkọ̀ tó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó wà nílẹ̀ ń rí àṣá tó ń rà bàbà, tó na apá tí kò sì jù ú. Bí bàálù bá sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilẹ̀ tán, tí awakọ̀ rí i pé ọ̀nà kò tíì ṣófo, tó tún ta sókè, "kò bà mọ́" ti tó fún un.

Mo mọ rírì iṣẹ́ àwọn àgbà tó ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ṣáájú wa. Èdè Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀ ní 1984 fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ni ní gírámà àti lítíréṣọ̀ láìyá ẹnu òyìnbó lò. Iṣẹ́ olùkọ́ ni, olùkọ́ sì nílò ọ̀rọ̀-orúkọ tí yóò kọ sójú pátákó. Ẹni tó ń wo bàálù nílò ọ̀rọ̀-ìṣe, nítorí ìṣe ni bàálù ń ṣe níwájú rẹ̀, ó sì ń yára ṣe é. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló yẹ ká kọ́kọ́ kó jọ. Kí ọ̀rọ̀-orúkọ máa tẹ̀lé e níbi tó bá ti pọn dandan.

Orúkọ ẹni náà fúnra rẹ̀ pọn dandan. Aṣọ́bàálù kò dára: ẹ̀ṣọ́ ni yóò jẹ́ létí wa, ẹni tí wọ́n gbà kí wọ́n má bàa wá ba bàálù jẹ́. Awòbàálù fẹ̀ jù, gbogbo ẹni tó bá ti gbójú sókè ló ti wò ó. Ọdẹ bàálù kọ́kọ́ wù mí, ṣùgbọ́n nílùú ńlá, ẹni tó ń ṣọ́ ilé lóru là ń pè ní ọdẹ, a tún padà sọ́dọ̀ ẹ̀ṣọ́. Ohun tí ọdẹ inú igbó ń ṣe gan-an ló fún mi lọ́rọ̀. Ọdẹ tó mọ ibi tí ẹran ń gbà kọjá á gun igi, á jókòó sórí ẹ̀gùn, á máa retí. Ó gẹ̀gùn nìyẹn. Ó mọ àsìkò ẹran, ó mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, ó sì ní sùúrù. Àwọn ọmọ orí Queens' Building gẹ̀gùn, agẹ̀gùn ni wọ́n. Atẹ́gùn ló sì ń yan ibi tí agẹ̀gùn bàálù yóò dúró sí, nítorí bàálù a máa kọjú sí atẹ́gùn kó tó bà, a sì máa kọjú sí i kó tó gbéra.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ẹranko ló ń bọ́ sí i. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ látẹ̀gbẹ́, bàálù á yí imú síhà ibi tí atẹ́gùn ti ń wá, á máa fi ẹ̀gbẹ́ bọ̀, ó di ìgbà tí táyà bá fẹ́ kan ilẹ̀ kí awakọ̀ tó tọ́ imú náà. Alákàn ni òyìnbó fi sọ èyí. Lọ́dọ̀ tiwa, ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Bí a bá ti dárúkọ rẹ̀, ojú ló ń wá sí wa lọ́kàn, kì í ṣe ìrìn. "Ó ń fẹ̀gbẹ́ bọ̀" ni mo fara mọ́.

Ààjà ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Nígbà tí mo dàgbà, Myrtle Avenue ni mo bọ́ sí, nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Hatton Cross. Koríko wà lópin òpópónà náà tí èèyàn lè jókòó sí. Bàálù tó fẹ́ bà sí ọ̀nà apá gúúsù á gba ibẹ̀ kọjá, á sún mọ́ni débi pé ojú á rí ìdè irin lábẹ́ ikùn rẹ̀. Ìró ẹ́ńjìnnì á bo gbogbo àdúgbò, á sì lọ. Ibẹ̀ á pa lọ́lọ́. Lẹ́yìn náà, níbi tí bàálù ti kúrò, afẹ́fẹ́ lásán á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣììì lókè, ewé igi kan á máa gbọ̀n nígbà tí èkejì rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́. Afẹ́fẹ́ abẹ́ apá le ju ti òkè rẹ̀ lọ, ó ń yí gba ṣóńṣó apá lọ sókè, ó sì ń lọ́ ara rẹ̀ gbirigbiri sẹ́yìn bàálù. Lọ́jọ́ tí ọ̀rinrin bá wà, ojú ń rí i bó ti ń lọ́, méjì gbọọrọ, funfun. Ó lágbára débi pé ó ń ṣí òrùlé, Heathrow sì ní ètò tó fi ń bá àwọn ará àdúgbò tún irú òrùlé bẹ́ẹ̀ ṣe. Ìdí rẹ̀ náà ni wọn kì í fi í jẹ́ kí bàálù kékeré tẹ̀lé ńlá pẹ́kípẹ́kí. Ààjà ni Yorùbá ń pe afẹ́fẹ́ tó bá ń yí tó sì lè gbé èèyàn lọ. Bí a bá ti sọ pé ààjà apá bàálù, a ti sọ bó ṣe rí, a ti sọ ewu rẹ̀.

Nọ́ńbà ọ̀nà bàálù gba ìrònú. Ọ̀nà méjì ni Heathrow ní, láti ìlà oòrùn sí ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n tẹ́ wọn. Ibi tí kọ́ńpáàsì bá tọ́ka sí ni wọ́n fi ń sọ wọ́n lórúkọ, òdo ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ń gé kúrò. Abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì kì í sì dúró lójú kan láti ọdún dé ọdún, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà tí mo mọ̀ sí 28 ní kékeré fi di 27 ní 1987. Ẹni tó bá ka "27 òsì" ní Yorùbá á ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n òsì. Ó tọ̀nà, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ló ń dún létí, nígbà tó jẹ́ pé èjì àti èje ni wọ́n kùn gàgàrà sójú ọ̀nà. Èjì-èje òsì ni kí á wí, èjì-èje ọ̀tún. Bí atẹ́gùn bá yí wá láti ìlà oòrùn, òdo-ẹ̀sán òsì, òdo-ẹ̀sán ọ̀tún.

Lẹ́tà ara bàálù, ní tèmi, kí á má fọwọ́ kàn án. Alpha àti November ni wọ́n ń pè é láti Tokyo dé Èkó kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í gbọ́. 5N ni ti Nàìjíríà, TY ni ti Benin, 5V ni ti Togo. Àwọ̀ àti àmì tí iléeṣẹ́ kùn sára bàálù ni ó yẹ kí a fún lórúkọ, mo sì mú ilà, nítorí ilà ló ń sọ ìdílé rẹ̀ láti òkèèrè kí a tó rí nọ́ńbà kà. Mo ṣì ń rí DC-10 ti Nigeria Airways, 5N-ANN, ilà aláwọ̀ ewé, ẹ́ńjìnnì kan lábẹ́ apá kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀kẹta nídìí ìrù. Bó bá na ẹsẹ̀, mẹ́rin ni: ti imú, méjì lábẹ́ apá, àti ọ̀kan láàárín ikùn gan-an. Bùọ̀dá kan tó sábà máa ń dúró tì wá á pariwo pé, "Tiwa ló ń bọ̀ yẹn!", gbogbo Yorùbá orí òrùlé á sì sún síbi irin ìdábùú. Ọdún 2003 ni wọ́n ti iléeṣẹ́ náà pa.

Ọdún yẹn kan náà ni Concorde dáwọ́ dúró, ní 24 Oṣù Kẹwàá, lẹ́yìn tó ti ń gbé èrò láti 21 Oṣù Kínní 1976. Àwọn kan ń fẹ́ orúkọ tó ń sọ pé ó ń sáré ju ìró lọ. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n orí òkun ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, agẹ̀gùn Heathrow kò fojú rí i. Ohun tí a rí ni iná tó ń yọ lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tó ń gbéra, àti imú rẹ̀ tó ń tẹ̀ wálẹ̀ bó bá ń bọ̀, kí awakọ̀ lè rí ọ̀nà níwájú. A ní tẹríba. Ẹ jẹ́ ká sọ pé Concorde tẹmúba.

Bí ọdẹ bá rí ẹran, ó ń wá bí yóò ṣe pa á. A kò gbọdọ̀ lo pa fún ohun tí èèyàn wà nínú rẹ̀. Mú ni kí agẹ̀gùn máa wí: mo mú ANN lónìí. Èyí tí wọ́n tú palẹ̀ kí a tó rí i, ó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n tà fún iléeṣẹ́ mìíràn tí wọ́n tún kùn, ó ti tún ilà kọ. Queens' Building kò sí mọ́, ibẹ̀ ni Terminal 2 tí wọ́n ṣí ní 2014 wà. Ní 8 Oṣù Kẹwàá 2020, àwọn Jumbo 747 méjì tó kẹ́yìn tí British Airways ní ní Heathrow gbéra, wọn kò sì ní padà. Ìgbéra àrèmabọ̀ ni mo pe ìyẹn. Ẹnì kan sọ fún mi pé èèyàn là ń sọ ọ́ fún, pé kò yẹ irin. Mo dá a lóhùn pé irú irin yẹn ló gbé ọ̀pọ̀ nínú wa wá láti Èkó, n kò sì ní yí ọ̀rọ̀ náà padà.