Kí Ẹ Tó Sọ Pé Bátìrì Sólà Yín Ti Kú: Ohun Tí Mo Rí ní Ayétòrò

Nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ ni iná kú mọ́ wa lórí nínú ilé pákó tí mo dé sí ní Ayétòrò, ní etíkun Ìlàjẹ. Fáànù dúró, ẹ̀fọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bàbá onílé, apẹja tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kò tiẹ̀ dìde lórí ẹní. "Bátìrì yẹn ti kú nìyẹn," ni wọ́n wí. "Ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé láàárín ọdún méjì. Tí mo bá ti rówó, màá lọ sí Igbókòdá lọ ra òmíràn."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Èkó, Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́, ẹ mọ bí bátìrì sólà ṣe wọ́n tó lásìkò yìí. Fún apẹja, owó yẹn lè jẹ́ owó àwọ̀n, owó epo ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀, tàbí owó ilé-ìwé ọmọ. Mo bẹ Bàbá pé kí wọ́n jọ̀ọ́ dúró di ọ̀la, ká kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n. Bí a ṣe wọ̀n ọ́n ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún yín, torí bó ṣe rí níbẹ̀ náà ló rí nínú fúláàtì tó ní íńfátà.

Ẹ má rò pé Ayétòrò ò mọ iná rí o. Ọdún 1947 ni àwọn ìjọ Holy Apostles tẹ ìlú náà dó, nígbà tó sì di àwọn ọdún 1950, wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tara wọn pèsè iná mànàmáná, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú nílẹ̀ Yorùbá ṣì ń tan àtùpà. Lónìí, òkun ti gbé púpọ̀ nínú ilé wọn lọ, ẹni tó bá sì fẹ́ iná, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń wá a: jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà. Nínú ọkọ̀ ojú omi náà, ẹ máa rí bátìrì kan lábẹ́ ìjókòó, gílóòbù kan, àti ibi tí wọ́n ti ń ṣájì fóònù. Àwọn òyìnbó ní Bírítéènì tó ń sọ mọ́tò di ilé, tí wọ́n ń sùn sínú rẹ̀ tí wọ́n bá lọ gbafẹ́, bátìrì kejì ni àwọn náà ń gbé sínú ọkọ̀, ó yàtọ̀ sí èyí tó ń ṣíná ẹ́ńjìnnì. Àrùn kan náà ló ń ṣe gbogbo wọn. Iyọ̀ inú atẹ́gùn òkun ló jẹ́ kí ti Ìlàjẹ tètè le.

Ilẹ̀ mọ́, a rí mítà yá lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe. Irú mítà kékeré yẹn ni, tó ní wáyà pupa àti dúdú. Ẹ yí i sí DC, 20 volt. Ẹ fi ẹnu wáyà pupa kan orí + bátìrì, kí ẹ fi dúdú kan −. Orí bátìrì ni mo wí o, òjé yẹn gan-an, kì í ṣe irin tí wọ́n fi de wáyà mọ́ ọn. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ó dáa kí bátìrì ti sinmi fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó wọ̀n ọ́n: kí sólà má ṣájì rẹ̀, kí nǹkan kan má sì fa iná lára rẹ̀. Bátìrì alásíìdì 12 volt tó kún máa ń fi nǹkan bíi 12.7 hàn. Tó bá jẹ́ 12.2, ó ku bí ìdajì. Tó bá ti wá sí 11.9 tàbí kó kéré sí i, ó ti gbẹ. Ṣùgbọ́n gbígbẹ kì í ṣe ikú.

Ti Bàbá fi 12.5 hàn. Wọ́n wo mítà, wọ́n wò mí. Bátìrì tí wọ́n ti ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ lálẹ́ àná wà láàyè.

Kí ló wá pa iná? A tan fáànù àti gílóòbù, mo sì tún wọ̀n ọ́n kíákíá kí wọ́n tó kú. Lórí òjé, 12.3. Lára kọntúróólà sólà, níbi tí wáyà bátìrì wọ̀ ọ́ sí, 9.8. Volt méjì ààbọ̀ ti sọnù lọ́nà! Kọntúróólà rí 9.8, ó rò pé bátìrì ti gbẹ, ló bá gé iná. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe, irọ́ ni wọ́n pa fún un.

Ibi tí ẹ ó ti mú olè náà ni ojú ìdè. Nígbà tí iná bá ń ṣiṣẹ́, ẹ fi wáyà mítà kan sórí òjé, ẹ fi èkejì sórí irin tó dì í mú. Ó yẹ kí mítà fẹ́rẹ̀ẹ́ fi òdo hàn. Ti Bàbá fi 2.4 hàn. A tú irin náà, ìdọ̀tí funfun bí ìyẹ̀fun, tó ní àwọ̀ ewé díẹ̀, ti kún inú rẹ̀. Lóde, ó ń dán. Ẹ kíyè sí i pé iná gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá ń ṣe ìdánwò yìí. Tí nǹkan kan ò bá fa iná, ojú ìdè tó ti jẹ máa fi volt tó pé hàn yín bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí ọ̀pọ̀ oníná mú.

Ojú ìdè yẹn tún ń ṣèkà ní ọ̀sán. Tí sólà bá ń ṣájì, volt tí kọntúróólà ń rí máa ń ga ju èyí tó wà lórí bátìrì lọ. Ó máa rò pé bátìrì ti kún, á sì dín iná kù. Bátìrì ò ní kún dáadáa láéláé, èyí tí kì í bá sì í kún, kì í pẹ́ tó fi bàjẹ́ lóòótọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ fọ̀ ọ́, ẹ tú wáyà páńẹ́ẹ̀lì kúrò lára kọntúróólà ná. Lára bátìrì, − ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, òun náà ni kí ẹ dè kẹ́yìn. Ẹ fi téèpù wé ọwọ́ sípánà, torí sípánà tó bá kan + àti − pọ̀ lè pọ́n bí iná mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ má mu sìgá níbẹ̀, ẹ má tan àbẹ́là wò ó: gáàsì tó ń jáde lára bátìrì nígbà tó ń ṣájì lè bú gbàù. Omi gbígbóná díẹ̀ tí a po bakin sódà mọ́ máa fọ ìdọ̀tí náà, kí ìdérí bátìrì ṣáà wà ní dídé. Lẹ́yìn náà, sáńpépà, kí ẹ dè é kó le, kí ẹ fi gírísì pa á lóde. Létí òkun, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù. Ẹ yẹ ilé fíúsì náà wò, iyọ̀ máa ń wọ ibẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé òjé gan-an ló ń fi 11.9 hàn, ẹ wò ó bóyá iná ń wọlé. Lọ́sàn-án tí oòrùn mú, orí bátìrì yẹ kó máa gòkè lọ sí 14 volt àti díẹ̀. Tí kò bá kúrò ní 12, ẹ wọn páńẹ́ẹ̀lì lọ́tọ̀: ti 12 volt máa ń fi nǹkan bíi 20 sí 22 hàn lójú oòrùn nígbà tí wọ́n bá ti tú u. Imí ẹyẹ àti òjìji imọ̀ ọ̀pẹ kan ṣoṣo lè fa ọ̀wọ́n iná.

Èyí tó kú lóòótọ́ ńkọ́? Yàrá mẹ́fà ló wà nínú bátìrì 12 volt, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú bíi 2.1 wá. Tí ẹ bá ṣájì rẹ̀ tán tó dúró sí nǹkan bíi 10.5, yàrá kan ti lọ. Èyí tó fi 12.7 hàn, tó wá já wálẹ̀ ní kété tí ẹ tan gílóòbù kan, tí ojú ìdè rẹ̀ sì mọ́, òun náà ti parí. Ti lithium yàtọ̀ o: volt rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà láti kíkún dé ìdajì, tó bá sì fi òdo hàn, ó lè jẹ́ pé pátákó iná inú rẹ̀ ló ti í pa láti dáàbò bò ó.

Ọ̀rọ̀ omi gbà mí láyà. Ẹnìkan sọ fún mi pé omi tó bá ti wà nítòsí lòun ń bù sínú bátìrì. Ní Ìlàjẹ, omi iyọ̀ nìyẹn! Tí iyọ̀ bá pàdé àsíìdì nínú bátìrì tó ń ṣájì, gáàsì chlorine lè jáde, májèlé sì ni fún ẹ̀dọ̀fóró. Omi bátìrì tí wọ́n ń tà nínú ike nìkan ni kí ẹ lò.

Èmi náà ti jẹ̀bi rí. Nínú yàrá mi ní Àkúrẹ́, íńfátà ń ké ní gbogbo ìgbà tí mo bá ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́. Ẹni tó ń ta bátìrì ní bátìrì ti kú, mo ra méjì tuntun, ó tún ké. Wáyà ló tín-ín-rín jù. Nǹkan tó ń jẹ 1,000 watt lórí 12 volt máa fa iná tó lé ní 80 ampere, wáyà gílóòbù ni wọ́n sì fi so tèmi.

Ìdè mẹ́rin la fọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Fáànù yí, gílóòbù mọ́lẹ̀, kọntúróólà ò gé iná mọ́. Bàbá jókòó síwájú fáànù náà fún ìgbà díẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n máa sọ̀rọ̀, wọ́n ní, "Àwọn méjì àkọ́kọ́ tí mo tà fún oníkóńdẹ́mù ńkọ́?"