Fela Gẹ́gẹ́ bí Adarí Ẹgbẹ́ Olórin: Láti Òpópónà Pepple sórí Àwo

Àárín Computer Village n'Ìkẹjà ni òpópónà Pepple wà. Níbi tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe, tí wọ́n ti ń ta ṣájà lónìí, ibẹ̀ ni Fela Aníkúlápó-Kútì gbé Afrika Shrine, ilé eré rẹ̀, kalẹ̀ sí lẹ́yìn tí àwọn sójà jó ilé rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1977, ibẹ̀ ló sì ti ń ṣeré títí di ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òṣèlú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn oníwádìí ń gbé yẹ̀ wò. Èmi fẹ́ wo bó ṣe ń darí ẹgbẹ́ olórin, àti ohun tí ìdarí náà sọ àwo rẹ̀ dà.

Ní 1958, Fela lọ kọ́ orin ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò ṣàjèjì, nígbà náà, sí adarí tó ń kẹ́yìn sí èrò, tó ń fi ọ̀pá tọ́ka. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo adarí ló ń lo ọ̀pá: Pierre Boulez, adarí ará Faransé, kì í lò ó. Ọwọ́ lásán ló fi darí New York Philharmonic láti 1971 dé 1977. Fela náà kì í lo ọ̀pá. Dùùrù tó ń tẹ̀, fèrè tó ń fọn, èjìká àti ojú rẹ̀ ni ọ̀pá. Ó ń lé, ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbè. Ẹni tó bá fẹ́ rí i, kó wo Music Is the Weapon, fíìmù tí Stéphane Tchalgadjieff àti Jean-Jacques Flori ṣe ní 1982.

Kì í ṣe Fela nìkan ló gbé ẹrù ìdarí náà. Láti ìgbà Koola Lobitos, ẹgbẹ́ Fela ìṣáájú, ni Lekan Animashaun, Baba Ani, ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, òun náà sì ni olórí ẹgbẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Fela a máa gbé ohùn kalẹ̀ fún gbogbo òṣèré, àfi Tony Allen, tó ń dá ìlù tirẹ̀ lù. Allen kúrò nínú ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn eré tí wọ́n ṣe ní Berlin ní 1978. Nígbà tó yá, ó fi Paris ṣe ilé títí tó fi kú níbẹ̀ ní 2020.

Nínú Confusion (1975), orin kan ṣoṣo ló gba ojú àwo méjèèjì, ó lé ní ìṣẹ́jú 25. Dùùrù Fela àti ìlù Allen ló kọ́kọ́ ń wá ara wọn kiri kí àwọn yòókù tó wọlé. Mo gbà pé gígùn yẹn kì í ṣe àṣejù. Àyè tí adarí nílò láti kó èèyàn jọ ni. Bó bá sì ti gba orin sórí àwo, kì í sábà kọ ọ́ fún èrò mọ́.

Láàrin 1984 sí 1986 tí Fela wà lẹ́wọ̀n, wọ́n gbé téèpù orin rẹ̀, Army Arrangement, fún Bill Laswell, olóòtú orin, pé kó tún un ṣe. Laswell yọ fèrè àti dùùrù Fela, ó fi dùùrù Bernie Worrell àti ìlù Sly Dunbar sí i. Inú Fela kò dùn sí i rárá. Ẹ̀dà méjèèjì wà títí dòní. Nínú ti Laswell, ohùn Fela ṣì ń lé, ègbè ṣì ń dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń pè wọ́n wọlé kò sí níbẹ̀ mọ́.