Owó Kò Bímọ: Bí Èrò Aristotle Ṣe Wọ Ẹ̀kọ́ Ìjọ lórí Owó Èlé

Kò sí pásítọ̀ láàrin wa tí kò tíì jókòó ti ọmọ ìjọ kan tí owó èlé ti dè mọ́lẹ̀. Bí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bá délẹ̀, Bíbélì ni a máa ń ṣí. Ṣùgbọ́n ìtàn Ìjọ fi hàn pé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kì í ṣe Bíbélì nìkan ni àwọn olùkọ́ Ìjọ fi ń dáhùn ìbéèrè yìí. Ohùn ọlọ́gbọ́n ará Gíríìkì kan, tí kò mọ Mósè tí kò sì mọ Kristi, wà nínú ìdáhùn wọn. A fẹ́ tọpa ohùn náà níhìn-ín, kí a lè mọ ohun tó ṣe fún Ìjọ àti ibi tó ti yí ojú Ìjọ kúrò lára ohun tó yẹ kó máa wò.

Ohun tí Òfin ń wò

Ẹ́kísódù 22:25 àti Léfítíkù 25:35-37 kò sọ ohun tí owó jẹ́. Ẹni tó ń yá owó ni wọ́n ń wò. Arákùnrin tó ti di tálákà ni, ọwọ́ rẹ̀ kò tẹ́nu mọ́. Ẹni tó bá gba èlé lọ́wọ́ rẹ̀ ń fi ìnira ẹlòmíràn jẹun. Diutarónómì 23:20 gbà kí Ísírẹ́lì gba èlé lọ́wọ́ àjèjì, Olúwa wa náà sì mẹ́nu ba èlé nínú òwe tálẹ́ńtì (Mátíù 25:27) láì bá a wí níbẹ̀. Àánú sí aláìní ni gbòǹgbò àṣẹ náà.

Ohun tí Aristotle ń wò

Aristotle (384 sí 322 ṣáájú Kristi) gba ọ̀nà mìíràn. Nínú ìwé rẹ̀, Politics, ó ní torí pàṣípààrọ̀ ọjà ni a ṣe dá owó sílẹ̀. Èlé jẹ́ owó tí owó bí, nítorí náà nínú gbogbo ọ̀nà ìpawó, òun ló lòdì sí ìṣẹ̀dá jù. Èdè rẹ̀ tì í lẹ́yìn: ní Gíríìkì, tokos ni ọmọ tí a bí, tokos náà ni èlé.

Yorùbá kò rí i bẹ́ẹ̀. Èlé lójú wa ni ohun tó lé lórí ojú owó. Orúkọ tí a sì fún ayánilówó tí kò láàánú, sogúndogójì, ìwà ẹni náà ló ń bá wí, kì í ṣe owó. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹnu àwọn baba wa sún mọ́ Mósè ju ti Aristotle lọ.

Bí èrò náà ṣe wọlé

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrin, Basil ti Kesaríà, tó kàwé ní Áténì, fi ọ̀rọ̀ náà tokos dárà nínú ìwàásù kan, ṣùgbọ́n ìpọ́njú onígbèsè ló gbájú mọ́. Ìgbìmọ̀ Nicaea ní 325 kọ̀ fún àwọn àlùfáà láti gba èlé. Ìgbìmọ̀ Lateran ní 1179 fi Oúnjẹ Olúwa àti ìsìnkú Kristẹni du ẹni tó ń ṣe é ní gbangba.

Ní nǹkan bí 1260, William ti Moerbeke túmọ̀ Politics sí èdè Látìn. Thomas Aquinas (tó kú ní 1274) gba èrò náà, ó sì fi kún un pé owó dà bí wáìnì: ẹni tó bá lò ó ti ná an tán. Ẹni tó ta wáìnì, tó tún ta mímu rẹ̀ lọ́tọ̀, ohun kan ṣoṣo ló tà lẹ́ẹ̀mejì. Aquinas kò gbàgbé Ìwé Mímọ́, ṣùgbọ́n ìbéèrè ti ń yí padà. “Ta ló ń yá owó, kí ló sì ń ṣe é?” ń fàyè sílẹ̀ fún “Kí ni owó jẹ́?”

Èrò yìí wọ inú lítíréṣọ̀ pẹ̀lú. Nínú Inferno, Dante mú àwọn olówó èlé jókòó sórí iyanrìn gbígbóná pẹ̀lú àpò owó lọ́rùn. Bó sì ti ń ṣàlàyé ẹ̀ṣẹ̀ wọn, ó pe Aristotle àti Jẹ́nẹ́sísì ní ẹlẹ́rìí. Nínú The Merchant of Venice ti Shakespeare, Antonio ní irin tó yàgàn ni owó, Shylock sì ń tọ́ka sí Jékọ́bù àti àgùntàn Lábánì. Ẹ wò ó: Kristẹni ló ń sọ ọ̀rọ̀ Aristotle, Júù ló ń ka Jẹ́nẹ́sísì.

Bí òpó náà ṣe wó

Nígbà tí òfin dúró lórí ohun tí owó jẹ́, oníṣòwò kò nílò ju kó yí orúkọ padà. Báńkì àwọn Medici, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Florence ní 1397, ń jèrè nínú pàṣípààrọ̀ owó láti ìlú kan sí òmíràn. Wọn kò pè é ní èlé. Àwọn Franciscan ṣe ohun tó dára jù. Ní Perugia ní 1462, wọ́n dá ilé ìyánilówó sílẹ̀ fún àwọn aláìní, tí ń gba ohun ìdógò àti owó kékeré fún ìnáwó ilé náà. Ìgbìmọ̀ Lateran fọwọ́ sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní 1515.

Ní 1545, Calvin kọ lẹ́tà kan. Ó bi í léèrè bóyá òrùlé àti ògiri ilé ń bí owó, síbẹ̀ a ń gba owó ilé. Báyìí ni òpó Aristotle wó. Ṣùgbọ́n Calvin kò dúró níbẹ̀: ó ní kí a má gba èlé lọ́wọ́ tálákà, kí a sì fi àṣẹ Kristi wọ̀n ọ́n, pé ohun tí a bá fẹ́ kí ènìyàn ṣe sí wa ni kí a ṣe sí wọn. Ọ̀pọ̀ gbọ́ ìdajì àkọ́kọ́, wọ́n fi ìdajì kejì sílẹ̀.

Ẹ̀kọ́ fún wa

A kò sọ pé kí òjíṣẹ́ Ọlọ́run má ka ìwé àwọn ọlọ́gbọ́n. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé bí a bá fi èrò àyálò gbé àṣẹ Ọlọ́run ró, ọjọ́ tí èrò náà bá wó, àwọn ènìyàn yóò rò pé àṣẹ náà ló wó.

Àwa náà ní irú èyí. Aristotle ní owó kò bímọ; lórí pẹpẹ wa, a ń wàásù pé irúgbìn ni owó, pé yóò bí ọgọ́rùn-ún. Pọ́ọ̀lù lo ọ̀rọ̀ irúgbìn lóòótọ́ ní 2 Kọ́ríńtì 9, ṣùgbọ́n ọrẹ fún àwọn ẹni mímọ́ tó ṣe aláìní ló ń sọ. Bí a bá sọ̀rọ̀ bí owó ṣe ń so tí a kò sì dárúkọ aláìní, a ti tún ṣe àṣìṣe àtijọ́ náà láti apá kejì.

Nígbà tí ẹni tó jẹ ayánilówó orí fóònù ní gbèsè bá tún jókòó níwájú wa, tàbí tí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ìjọ bá fẹ́ gba iye èlé kan náà lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ ra ọjà àti ẹni tó fẹ́ san owó ilé ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ níbi tí Mósè ti bẹ̀rẹ̀: ta ló ń yá owó yìí, kí ló sì ń ṣe é?