Ìforítì: Ìtumọ̀ àti Ìlò Rẹ̀

Ìforítì ni ọ̀rọ̀-orúkọ tí Yorùbá ń lò fún dídúró ti ohun kan láìyẹsẹ̀, bí ó tilẹ̀ nira, títí yóò fi yọrí. Òwe tó bá a mu ni: Bó pẹ́ bó yá, akólòlò yóò pe baba.

Ìhun
A ṣẹ̀dá rẹ̀ láti ara fi orí tì, pẹ̀lú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì-. Ìpajẹ fáwẹ̀lì ló sọ fi orí di forí. A lè fi wé ìfẹ̀yìntì, tí ìhun wọn jọra: ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri ń sinmi, ṣùgbọ́n ẹni tó forí ti nǹkan ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ohùn ìsàlẹ̀ orí tì ń di ohùn àárín níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ (ó forí ti iṣẹ́ náà). Kì í yí padà níwájú arọ́pò-orúkọ (ó forí tì í).

Ìyàtọ̀ sí àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn
Ara ni ìfaradà mẹ́nu bà: ó jẹ mọ́ gbígba ìnira mọ́ra. Ọkàn ni ti ìfọkànsìn, tí a sábà ń lò fún ìjọsìn. Orí wà nínú ìforítì, ó sì tún wà nínú oríkunkun. Olóríkunkun ni ẹni tó kọ etí ikún sí ìmọ̀ràn. Síbẹ̀, ìwà kan náà lè gba orúkọ méjèèjì. Ọmọ tí òbí ní kó fi iṣẹ́ ọnà sílẹ̀, tí kò gbà, olóríkunkun ni lójú wọn. Bí iṣẹ́ náà bá yọrí tán, wọn a ní ó ní ìforítì.

Ìlò nínú ìmọ̀ràn
Ìhìn Rere Mátíù, orí 24, nínú Bíbélì Yorùbá lo forítì fún ẹni tó dúró títí dé òpin. Lẹ́nu àwọn àgbà, “Forí tì í” jẹ́ ìṣírí. Bí a bá sọ ọ́ fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, iṣẹ́ ni í dúró fún. Bí a bá sọ ọ́ fún ìyàwó tí ọkọ ń lù, ìyà ni í dúró fún, ìmọ̀ràn náà sì di àjàgà. Arọ́pò-orúkọ kì í dárúkọ ohun tí à ń forí tì. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ṣe ìtúpalẹ̀ gbólóhùn yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè pé: forí ti kí ni?