Níbo Ni Wọ́n Ti Ya Fọ́tò Yìí?

Ìbéèrè mẹ́ta ni òpìtàn máa ń bi fọ́tò: ta ni èyí, ìgbà wo ni, níbo sì ni? Ojú ènìyàn lè dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́. Aṣọ, irun àti irú ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn lè ràn wá lọ́wọ́ lórí ìkejì. Ìkẹta ló máa ń ṣòro jù, nítorí ògiri jọ ògiri, iyẹ̀pẹ̀ sì jọ iyẹ̀pẹ̀. Lóde òní, fóònù àti kámẹ́rà ti ń dáhùn ìbéèrè kẹta yìí fúnra wọn. Bí a bá ṣe ń tẹ bọ́tìnnì ni wọ́n ń kọ ibi tí a dúró sí sínú fọ́tò náà. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé bí ọgbọ́n yìí ṣe bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń ṣiṣẹ́, àǹfààní rẹ̀ àti ewu rẹ̀. Èrò mi ni pé ẹ̀rọ lè sọ ibi tí àwa wà lónìí, ṣùgbọ́n kò lè sọ ibi tí àwọn bàbá wa dúró sí nígbà tiwọn. Iṣẹ́ yẹn kù sí wa lọ́wọ́, kò sì ní dúró dè wá títí.

Kí kámẹ́rà tó gbọ́n tó báyìí, ẹ̀yìn fọ́tò ni àwọn ènìyàn ń kọ̀wé sí. Fọtógíráfà a lu òǹtẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn fọ́tò, ẹni tó ni ín a sì fi bírò kọ orúkọ ìlú àti ọdún. Bí kò bá sí òǹtẹ̀, tí kò sí bírò, ẹnu àgbà nìkan ló kù. Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ ìdílé ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ẹ̀jìgbò, Ọ̀fà, Ìnísà àti Ṣakí. Ó ti pẹ́ tí àwọn ará ìlú wọ̀nyí ti ń ṣòwò ní Gold Coast, tí a wá ń pè ní Gánà. Wọ́n ní ìsọ̀ ní Kumasi, ní Tamale àti ní Accra. Wọ́n bí ọmọ níbẹ̀, wọ́n sì kọ́lé níbẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti palẹ̀ ayé rẹ̀ mọ́, ohun tó bá fúyẹ́ ló máa gbé. Fọ́tò fúyẹ́. Ilé àti ìsọ̀ kò ṣeé gbé.

Bàbá ìyá mi wà lára àwọn tó padà wálé lọ́dún náà. Fọ́tò mọ́kànlá ni Màmá àgbà kó dé láti Gánà. Méjì péré ló ní ìkọ̀wé lẹ́yìn, ọ̀kan nínú wọn ni a kọ “Tamale, 1964” sí. Mẹ́sàn-án yòókù kò ní nǹkan kan lẹ́yìn. Mo máa padà sórí mẹ́sàn-án yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìtàn ẹ̀rọ náà.

Ọdún 1973 ni àwọn ológun Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ètò tí gbogbo ayé mọ̀ sí GPS. Wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi, ọkọ̀ òfúrufú àti ọmọ ogun lè mọ ibi tí wọ́n wà níbikíbi láyé, lójò àti lẹ́ẹ̀rùn. Wọ́n rán sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ lọ sókè ní 1978. Ìṣirò ńlá ló wà nídìí iṣẹ́ náà, obìnrin aláwọ̀ dúdú kan sì wà lára àwọn tó ṣe é. Gladys West ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní Virginia ní 1930, sínú ìdílé àgbẹ̀. Ní 1956, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Dahlgren, ibùdó ìwádìí àwọn ọmọ ogun ojú omi. Ayé kì í ṣe róbótó bíi bọ́ọ̀lù: ó wú níbì kan, ó tẹ̀ níbòmíràn. West fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí ayé ṣe rí gan-an, iṣẹ́ yẹn sì wà lára ohun tí GPS dúró lé. Ọdún 2018 ni ilé iṣẹ́ ọmọ ogun òfúrufú Amẹ́ríkà tó kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn aṣáájú wọn.

Ikú àwọn ènìyàn wà lára ohun tó jẹ́ kí GPS kọjá ọwọ́ ológun. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án ọdún 1983, ọkọ̀ òfúrufú Korea kan ṣìnà wọ agbègbè Soviet, wọ́n sì yìnbọn fún un. Gbogbo ènìyàn 269 tó wà nínú rẹ̀ ló kú. Lẹ́yìn èyí ni Ààrẹ Ronald Reagan kéde pé tí GPS bá ti parí, àwọn tí kì í ṣe ológun náà yóò lè lò ó. Ètò náà pé pérépéré ní 1995, pẹ̀lú sátẹ́láìtì 24. Síbẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ da ti ará ìlú rú díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè ṣi ibi mú pẹ̀lú nǹkan bí 100 mítà. Oṣù karùn-ún ọdún 2000 ni Ààrẹ Bill Clinton ní kí wọ́n dáwọ́ ìdàrú náà dúró.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan wà ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà lókè. Ó ní aago tó péye gan-an, ó sì ń kéde àkókò láìdákẹ́. Ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ wa ń wo bí ìkéde náà ṣe pẹ́ tó lọ́nà, ìyẹn ni yóò fi mọ bí sátẹ́láìtì náà ṣe jìnnà tó. Bó bá gbọ́ ti mẹ́rin, ó lè mọ ibi tó wà. Ẹ̀rọ ọwọ́ wa kì í dá sátẹ́láìtì lóhùn. Ó kàn ń gbọ́ ni, bí ìgbà tí ènìyàn ń gbọ́ rédíò.

Ní 1995 kan náà, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní Japan gbé ìlànà tó ń jẹ́ Exif jáde. Ìlànà yìí ló sọ bí fọ́tò orí kọ̀ǹpútà yóò ṣe máa gbé àkọsílẹ̀ nípa ara rẹ̀: ọjọ́, aago, irú kámẹ́rà, àti ibi tí wọ́n ti yà á. Exif dà bí ẹ̀yìn fọ́tò àtijọ́, àfi pé ojú lásán kì í rí i.

Àyè ti wà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kámẹ́rà kò ní ẹ̀rọ GPS tí yóò kọ nǹkan síbẹ̀. Ní 2006, Sony ń ta ẹ̀rọ kékeré kan, GPS-CS1, tí ènìyàn lè fi kọ́ àpò rẹ̀. Bí o ṣe ń rìn ló ń kọ ọ̀nà tí o gbà àti aago tí o gba ibẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí o bá délé, kọ̀ǹpútà yóò fi aago fọ́tò wé aago ọ̀nà, yóò sì kọ ibi sínú fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ dúró lórí aago. Ká ní o wà nínú ọkọ̀ láti Ìbàdàn sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí aago kámẹ́rà rẹ fi wákàtí kan yá jù, fọ́tò tí o yà ní Ìbàdàn lè bọ́ sí Ọ̀yọ́ lórí máàpù. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Flickr ṣí àyè fún àwọn ènìyàn láti fi fọ́tò wọn sórí máàpù, fọ́tò tó lé ní mílíọ̀nù kan ni wọ́n sì fi síbẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ní 2008, Nikon Coolpix P6000 àti iPhone 3G jáde, GPS sì wà nínú àwọn méjèèjì. Láti ìgbà náà ni ọgbọ́n yìí ti ń di ti gbogbo ènìyàn.

Nọ́ńbà méjì àti lẹ́tà méjì ni olórí ohun tí ẹ̀rọ ń kọ. Nọ́ńbà kìíní ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, ní àríwá tàbí gúúsù. Ìkejì ń sọ bó ṣe jìnnà sí ìlà tó gba Greenwich ní London àti Tema ní Gánà kọjá, ní ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn. Tamale wà ní nǹkan bí 9.4 ní àríwá àti 0.8 ní ìwọ̀-oòrùn. Bí ènìyàn bá fi ìlà-oòrùn kọ ọ́ dípò ìwọ̀-oòrùn, fọ́tò náà ti dé Togo nìyẹn. Bí ẹ̀rọ kò bá sì gbọ́ sátẹ́láìtì, tó wá kọ òdo àti òdo, inú òkun ni fọ́tò náà bọ́ sí, ní gúúsù Gánà, níbi tí kò sí ilẹ̀ rárá. Fọ́tò ìgbéyàwó àti ti ọmọ tuntun láti oríṣiríṣi ilẹ̀ lè pàdé níbẹ̀, nítorí pé òdo ni wọ́n kọ sí wọn.

Ọgbọ́n yìí ní ewu. Ní 2007, ọkọ̀ òfúrufú Apache tuntun dé ibùdó ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan ní Iraq. Àwọn ọmọ ogun ya fọ́tò wọn, wọ́n sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọ̀tá rí ibi tó wà nínú àkọsílẹ̀ fọ́tò náà, wọ́n rọ̀jò àdó olóró síbẹ̀, wọ́n sì ba mẹ́rin jẹ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 2012, John McAfee, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ètò tí ń dáàbò bo kọ̀ǹpútà, ń sá fún àwọn ọlọ́pàá Belize tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Àwọn akọ̀ròyìn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ fi fóònù yà á, wọ́n sì gbé fọ́tò náà jáde. Nọ́ńbà inú rẹ̀ fi hàn pé Guatemala ló wà. Láìpẹ́, wọ́n mú un níbẹ̀. Bí fọ́tò bá lè tú àṣírí irú àwọn wọ̀nyí, ti ọmọ ilé ìwé tó ya ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn kò le rárá. Ó yẹ kí àwọn òbí mọ̀ pé ó ṣeé ṣe láti ti àyè yìí nínú fóònù.

Nítorí irú ewu bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìkànnì máa ń yọ àkọsílẹ̀ ibi kúrò. Fọ́tò tí a bá fi ránṣẹ́ lásán lórí WhatsApp kì í gbé nọ́ńbà rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó gbà á. Ìyẹn dára fún ààbò, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé nígbà tí ẹnì kan bá fi fọ́tò ìjà ránṣẹ́ sí wa tó ní ìlú báyìí ni, ẹ̀yìn fọ́tò náà ti di òfìfo. Bí nọ́ńbà bá tilẹ̀ wà níbẹ̀, ètò kọ̀ǹpútà wà tí a lè fi yí i padà. Òpìtàn kò gbọdọ̀ gba nọ́ńbà gbọ́ ju bó ṣe gba ènìyàn gbọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí n wá padà sórí fọ́tò Màmá àgbà. Mo fi fóònù ya gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má bàa bàjẹ́. Fóònù kọ ibi sínú gbogbo wọn, Ògbómọ̀ṣọ́ ló sì kọ. Òótọ́ ni ní ti fóònù, nítorí orí tábìlì wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti yà wọ́n. Ní ti bàbá tó dúró lẹ́nu ìsọ̀ rẹ̀ nínú fọ́tò, irọ́ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá rí i ní àádọ́ta ọdún sí i, yóò gbà pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá náà ti ń tajà, gbogbo ọdún tí wọ́n lò ní Gánà yóò sì pa rẹ́ nínú ìtàn ìdílé wa.

Mo ní láti fi ọwọ́ yí i padà, ẹnu Màmá àgbà sì ni mo ti gbọ́ ohun tí mo kọ. Mo bi wọ́n pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, níbo lèyí?” Wọ́n mú fọ́tò náà súnmọ́ ojú. Wọ́n ní, “Wo dóńgóyárò yìí. Ẹ̀yìn ìsọ̀ bàbá yín ní Tamale ni. Ọdọọdún la máa ń gé ẹ̀ka rẹ̀.” Báyìí ni wọ́n mú mi la mẹ́fà já: mẹ́rin ní Tamale, méjì ní Kumasi. Mẹ́ta yòókù, wọn kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní àbúrò bàbá ni ì bá mọ̀ ọ́n, òun ló ń gbé fọtógíráfà wá sílé. Ọdún tó kọjá ni a sin àbúrò bàbá.

Nígbà tí mo ń kọ nọ́ńbà Tamale, pọ́ìntì kan péré ni mo kọ: 9.4. Ẹ̀rọ lè kọ márùn-ún lẹ́yìn pọ́ìntì, èyí tó lè tọ́ka sí ibi tí kò fẹ̀ ju mítà kan lọ. Ẹyọ kan ń tọ́ka sí nǹkan bí kìlómítà 11. Ìlú ni Màmá àgbà sọ fún mi, wọn kò sọ ojúlé. Bí mo bá kọ márùn-ún, mo ti sọ ju ohun tí mo gbọ́ lọ. Mo sì kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan pé ẹnu Màmá àgbà ni mo ti gbọ́ ọ, àti ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Sábẹ́ mẹ́ta yòókù, mo yọ Ògbómọ̀ṣọ́ kúrò, mo sì kọ “Gánà” nìkan.

Mo ń rọ àwọn olùkọ́ ìtàn pé kí wọ́n fún wa ní iṣẹ́ yìí ní ìsinmi: kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan mú fọ́tò mẹ́wàá nílé, kó bi àgbà níbo ni, kó sì kọ ìdáhùn sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́. Mo ń bẹ àwọn òbí náà pé kí wọ́n gbé àpótí fọ́tò sọ̀ kalẹ̀ lórí àjà. Sátẹ́láìtì yóò ṣì wà lókè lọ́dún tó ń bọ̀, fóònù tuntun yóò sì tún jáde. Àwọn tó mọ ìdí dóńgóyárò náà ni kí a tètè lọ bá.