Bí Iṣẹ́ Ẹnìkan Ṣe Di Iṣẹ́ Ọ̀pọ̀ Èèyàn: Ìtàn Àwọn Tó Ń Ṣe Wẹ́ẹ̀bùsáìtì Okòwò

Ní ìparí ọdún 1990, kọ̀ǹpútà dúdú kan wà ní ọ́fíìsì kan ní CERN, ibùdó ìwádìí sáyẹ́ǹsì tó wà lẹ́bàá ìlú Geneva ní Switzerland. Tim Berners-Lee, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, lẹ bébà kan mọ́ ọn lára, ó sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé sáfà (server) ni ẹ̀rọ yìí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa á. Ó nídìí tó fi kìlọ̀ bẹ́ẹ̀: inú ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo wẹ́ẹ̀bù àgbáyé wà nígbà náà. Berners-Lee ló kọ ètò tó ń gbé ojú-ewé jáde, òun ló kọ búráúsà tí wọ́n fi ń wò ó, òun ló gbé èdè HTML kalẹ̀, òun náà ló tún kọ ọ̀rọ̀ tó wà lójú-ewé àkọ́kọ́. Robert Cailliau bá a wá owó àti alátìlẹyìn láàárín àwọn ọ̀gá CERN. Nicola Pellow, akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, kọ búráúsà tí àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lè lò. Wọn ò ju bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀.

Lónìí, oníṣòwò tó bá ní òun fẹ́ ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì yóò gbọ́ orúkọ iṣẹ́ lóríṣiríṣi kó tó dìde lórí àga: web designer, front-end, back-end, UX, SEO, project manager. Ọkàn rẹ̀ lè máa sọ fún un pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ fi orúkọ wọ̀nyí kó owó àpò òun lọ. Mi ò dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kankan nínú àwọn iṣẹ́ yìí tó ṣàdédé hù. Ìṣòro ló bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ẹni tó bá sì mọ ìṣòro náà yóò mọ ìgbà tó yẹ kí òun sanwó fún un, yóò sì mọ ìgbà tí kò pọndandan.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 1993, CERN kéde pé ọ̀fẹ́ ni wẹ́ẹ̀bù fún gbogbo ayé. Ọdún yẹn kan náà ni Marc Andreessen àti Eric Bina gbé búráúsà Mosaic jáde ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, èyí tó mú kí àwòrán àti ọ̀rọ̀ jọ máa hàn lójú-ewé kan náà. Làwọn ilé-iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé. Webmaster ni wọ́n ń pe ẹni tó ń bá wọn ṣe é. Láti ọdún 1992 ni Berners-Lee ti gbani nímọ̀ràn pé kí sáfà kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì ímeèlì tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, kí èèyàn lè rí ibi kọ̀wé sí bí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹni tó wà nídìí àdírẹ́sì náà ló ń tún sáfà ṣe, òun ló ń kọ HTML, òun ló ń wá àwòrán, òun ló sì ń dá àwọn tó bínú lóhùn. Ẹni tó bá mọ kọ̀ǹpútà jù ní ọ́fíìsì ni wọ́n sábà máa ń di ẹrù náà lé lórí.

Owó ìpolówó wà lára ohun tó kọ́kọ́ tú iṣẹ́ yìí ká. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá ọdún 1994, HotWired, tí àwọn tó ni ìwé ìròyìn Wired dá sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìpolówó AT&T àti ti àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sójú òpó rẹ̀. Ta ló máa sanwó kó gbà kí wọ́n gbé ọjà òun sójú-ewé játijàti? Bí wọ́n ṣe ń wá àwọn oníṣẹ́ ọnà lọ sí ilé-iṣẹ́ ìwé ìròyìn àti ti ìpolówó nìyẹn. Àwọn wọ̀nyí mọ bébà dunjú, ibi tí wọ́n bá fi lẹ́tà sí lórí bébà ló máa wà. HTML kò rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń sún kiri bí fèrèsé búráúsà bá ṣe fẹ̀ tó. Wọ́n wá mú tábìlì, tí wọ́n ṣe fún títo nọ́ńbà àti àkọsílẹ̀, wọ́n fi gé ojú-ewé sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì mú kí ìlà rẹ̀ pòórá. Wọ́n á tún ki àwòrán kan tí ojú kò lè rí, tí kò ju ẹyọ píksẹ́ẹ̀lì kan lọ, sí àárín ohun méjì, wọ́n á nà án títí àlàfo tí wọ́n fẹ́ fi máa dúró. Ìwé tí David Siegel kọ lọ́dún 1996, Creating Killer Web Sites, sọ ọgbọ́n yìí di mímọ̀ káàkiri. Ojú-ewé ń dán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fẹ òpó kan lójú díẹ̀ lè tú odindi ojú-ewé ká.

Oṣù Kejìlá ọdún 1996 ni CSS jáde, èyí tí Håkon Wium Lie àti Bert Bos gbé kalẹ̀, tó fi ọ̀rọ̀ sí ọ̀tọ̀, tó fi ìrísí sí ọ̀tọ̀. Àwọn búráúsà kò tẹ̀ lé e bákan náà, nítorí náà ó pẹ́ kó tó ràn. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2003, Dave Shea ṣí CSS Zen Garden: HTML kan náà, tí oníṣẹ́ ọnà kọ̀ọ̀kan fún ní ìrísí tirẹ̀, tí ìkan kò jọ èkejì rárá. Ẹni tó rí i kò tún lè jiyàn mọ́ pé iṣẹ́ méjì ló wà níbẹ̀. Web designer ló ń pinnu bó ṣe máa rí. Front-end developer ló ń kọ kóòdù tó máa jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo búráúsà, àti lójú fóònù pẹ̀lú, pàápàá lẹ́yìn tí Ethan Marcotte ṣàlàyé ọ̀nà rẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ kan lóṣù Karùn-ún ọdún 2010.

Ẹwà nìkan kò lè tajà. Ṣọ́ọ̀bù gbọ́dọ̀ rántí iye bàtà tó kù, ẹni tó ti sanwó, àti ibi tí wọ́n máa gbé ẹrù lọ. Lọ́dún 1995 tí Amazon àti eBay ṣílẹ̀kùn, ọdún yẹn náà ni Rasmus Lerdorf gbé PHP síta, èyí tí wọ́n fi ń kọ ètò sáfà, tí MySQL, tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, sì jáde. Ibẹ̀ ni back-end developer ti rí iṣẹ́ tirẹ̀.

Ká tó gbà pé kíkó oníṣẹ́ jọ ti tó, ó yẹ ká wo Boo.com. Ernst Malmsten àti Kajsa Leander, ọmọ ilẹ̀ Sweden, wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní London láti máa ta aṣọ àti bàtà eré ìdárayá sí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn olówó ńlá fi owó sí i, Bernard Arnault wà níbẹ̀. Oṣù Karùn-ún ọdún 1999 ni wọ́n dá pé àwọn máa ṣí i, ó di oṣù Kọkànlá. Bàtà ń yí po lójú-ewé kí oníbàárà lè wo ẹ̀yìn rẹ̀, ọmọbìnrin kan tí wọ́n fi àwòrán ṣe, tí wọ́n pè ní Miss Boo, sì ń gbà á nímọ̀ràn. Gbogbo rẹ̀ wuyì. Ṣùgbọ́n módẹ́ẹ̀mù orí wáyà tẹlifóònù ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń wọ ayélujára nígbà náà, kí ojú-ewé náà tó ṣí, sùúrù oníbàárà ti tán. Àwọn tó ń lo Macintosh kò tiẹ̀ rí ọjà rà níbẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2000, ó kógbá sílé lẹ́yìn tó ti ná nǹkan bíi mílíọ̀nù 135 dọ́là.

Lójú tèmi, kì í ṣe pé àwọn oníṣẹ́ Boo kò mọṣẹ́. Ohun tí wọn ò ní ni ẹni tó ní àṣẹ láti sọ pé, “Ẹ yọ èyí kúrò, wáyà oníbàárà kò lè gbé e.” Iṣẹ́ èèyàn méjì ló wà nínú gbólóhùn yẹn. Project manager ló ń da owó, àkókò àti ẹnu gbogbo èèyàn pọ̀. Ẹni UX ló ń jókòó ti oníbàárà, tó ń wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti ń ṣìnà. Láti 1993 ni Don Norman ti ń jẹ oyè irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Apple, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí àwọn oníṣòwò tó rí i bí ohun tó yẹ kí wọ́n sanwó fún.

Ìwádìí ló mú àwọn òǹkọ̀wé wọlé. Lọ́dún 1997, Jakob Nielsen sọ pé ìpín 79 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí òun dán wò ló kàn ń fojú gba orí ojú-ewé kọjá, wọn kì í kà á tán, ó wá di pé kí wọ́n wá ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ ní ṣókí. Lẹ́yìn tí Google dé lọ́dún 1998, ó tún di dandan kí ẹnìkan mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń wá ọjà máa fi rí ṣọ́ọ̀bù. Òun ni wọ́n ń pè ní ẹni SEO.

Ẹjọ́ ló mú ẹlòmíràn wọlé. Lọ́dún 2006, ẹgbẹ́ àwọn afọ́jú ní Amẹ́ríkà pe Target, ilé-ìtajà ńlá, lẹ́jọ́ pé ẹ̀rọ tó ń ka ojú-ewé sí wọn létí kò lè ka wẹ́ẹ̀bùsáìtì rẹ̀, torí pé àwọn àwòrán ibẹ̀ kò ní àlàyé. Lọ́dún 2008, Target gbà láti san mílíọ̀nù 6 dọ́là. Láti ìgbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò fi iṣẹ́ ẹni tó ń yẹ ojú òpó wò fún àwọn aláàbọ̀ ara ṣeré mọ́.

Ní Nàìjíríà, WordPress, ètò tí wọ́n fi ń ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì, tí Matt Mullenweg àti Mike Little gbé jáde lọ́dún 2003, dá ọ̀pọ̀ iṣẹ́ yìí padà sọ́wọ́ ẹnìkan. Web designer kan ní Ìkẹjà tàbí Ìbàdàn lè dá gbogbo rẹ̀ ṣe. Fún aránṣọ tàbí alásè tó fẹ́ fi iṣẹ́ rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù hàn, ìyẹn tó, kò sí ìdí láti gba èèyàn márùn-ún.

Ọ̀rọ̀ yí padà níbi tí owó bá ti wọ̀ ọ́. Paystack, tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi dá sílẹ̀ lọ́dún 2015, tí Stripe ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì rà lọ́dún 2020, mú kí gbígba owó lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì rọrùn gan-an. Síbẹ̀, tí búráúsà oníbàárà bá padà wá sọ pé owó ti wọlé, sáfà ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ bi Paystack léèrè bóyá òótọ́ ni, àti bóyá iye tó yẹ ni, kó tó ní kí wọ́n gbé ọjà fún un. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí ti ṣílẹ̀kùn fún gbájú-ẹ̀. Iṣẹ́ back-end nìyẹn, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Orúkọ, àdírẹ́sì àti nọ́ńbà oníbàárà tó wà níbẹ̀ tún ti bọ́ sábẹ́ òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2023, oníṣòwò ló sì máa jíhìn, kì í ṣe web designer rẹ̀ nìkan.

Ohun kan wà tí mo máa ń tẹnu mọ́ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí: orúkọ ta ló wà lórí domain, ìyẹn àdírẹ́sì wẹ́ẹ̀bùsáìtì náà? Bó jẹ́ .ng, tí àjọ NiRA ń bójú tó, bó sì jẹ́ .com, orúkọ oníṣòwò ló gbọ́dọ̀ wà nínú àkọsílẹ̀, ímeèlì tirẹ̀ ni kí wọ́n fi ṣe é. Bó bá jẹ́ orúkọ web designer ló wà níbẹ̀, ọjọ́ tí àárín wọn bá dàrú ni àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù máa bá a lọ. Ìbéèrè kejì ni ẹni tó máa ṣe ìtọ́jú. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń tún WordPress àti àwọn àfikún (plugin) rẹ̀ ṣe, èyí tí wọn ò bá tún ṣe ni àwọn olè orí ayélujára ń gbà wọlé. Kí oníṣòwò bá wọn dúnàádúrà iye owó ìtọ́jú náà lóṣooṣù, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.