Iṣẹ́ Ológun àti Ìjẹ́-Ọmọ-Ilẹ̀ ní Lọ́kọ́ja láti 1841

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ fi hàn pé ilé tí a ń wò kí a tó pe ènìyàn ní ọmọ Nàìjíríà kì í ṣe ilé kan náà ní gbogbo ìgbà. Ìbéèrè tí ó jẹ wá lógún ni èyí: bí a bá bí ọmọ kan sí Lọ́kọ́ja, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ àtìpó láti ilẹ̀ Tógò tàbí ilẹ̀ Niger, tí ọmọ náà sì fẹ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí a ti ń kọ́ àwọn ọ̀gá ológun ní Kàdúná, kí ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n tó lè gbà á? A yan Lọ́kọ́ja nítorí pé ní ìlú yìí, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, iṣẹ́ ológun jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí àlejò fi ń di ẹni ilẹ̀. Lóde òní, ènìyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ kí ó tó lè di ọ̀gá ológun. Bí ètò náà ṣe yí padà bẹ́ẹ̀ ni a óò tọpa rẹ̀.

Àwọn Àtìpó Lọ́kọ́ja

Ibi tí odò Ọya àti odò Benue ti pàdé ni Lọ́kọ́ja wà. Àwọn Ọ̀wọ́rọ̀, tí èdè wọn jẹ́ ẹ̀ka èdè Yorùbá, ti wà ní agbègbè náà kí òyìnbó tó dé. Àwọn Nupe, Ígálà àti Ẹ̀bìrà sì jẹ́ aládùúgbò wọn. Ní 1841, ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta gbéra láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá sí odò Ọya. Wọ́n gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Átá Ígálà, wọ́n sì dá oko àwòṣe kan sílẹ̀ níbẹ̀. Àìsàn ibà pa púpọ̀ nínú àwọn òyìnbó náà, oko náà kò sì tọ́jọ́.

Àjàyí Crowther wà nínú ìrìn àjò yìí. Ọmọ Òṣogùn ni. Wọ́n mú un lẹ́rú ní 1821, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, Freetown ni ó sì ti kàwé. Ní nǹkan bí 1860, William Balfour Baikie tún Lọ́kọ́ja tẹ̀ dó. Ó ra àwọn ẹrú sílẹ̀, ó sì fún wọn ní ibi tí wọn yóò máa gbé, títí ó fi kú ní 1864. Báyìí ni ìlú náà kún fún àwọn tí a ti já kúrò lára ìdílé wọn. Kò sí ẹni tí ó lè fi orírun wọn dán wọn wò, nítorí pé orírun gan-an ni oko ẹrú ti gbà lọ́wọ́ wọn.

Nígbà tí Iṣẹ́ Ológun ń Sọni Di Ẹni Ilẹ̀

Ọkọ̀ Baikie tí ń jẹ́ Dayspring fọ́ nítòsí Jẹ́bà ní 1857. John Glover, tí ó wà nínú ọkọ̀ náà, fi ẹsẹ̀ rìn gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá dé Èkó, àwọn ẹrú Haúsá tí wọ́n sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí Glover di alákòóso Èkó ní 1863, irú àwọn wọ̀nyí ni ó kó jọ di ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Ọdún 1863 yìí ni àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà fi ń ka ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn wọn títí di òní. Ó yẹ kí a ṣàkíyèsí ohun tí èyí túmọ̀ sí: ẹrú tí ó sá, tí kò ní ìlú tí yóò gbèjà rẹ̀, ni òkúta ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ ológun wa.

Ní 1886, ilé iṣẹ́ Royal Niger gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun tirẹ̀ sílẹ̀. Haúsá, Yorùbá, Nupe àti àwọn Fante láti Gold Coast wà nínú wọn. Láti Lọ́kọ́ja ni wọ́n ti gbéra ní oṣù kìíní 1897 láti lọ jagun ní Bídà, kí wọ́n tó kọjú sí Ìlọrin. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pinnu láti dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun West African Frontier Force sílẹ̀, wọ́n sì fi Frederick Lugard ṣe olórí rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1900, ní Lọ́kọ́ja, wọ́n sọ àsíá ilé iṣẹ́ Royal Niger kalẹ̀, wọ́n sì gbé ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sókè.

Kò yẹ kí a fi oyin bo ìtàn yìí. Àwọn tí a dá sílẹ̀ lóko ẹrú ni a rán lọ kó ìlú ẹlòmíràn. Síbẹ̀, Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Aṣọ ológun fún wọn ní owó oṣù, ààbò àti orúkọ, àwọn kan nínú wọn sì fi Lọ́kọ́ja ṣe ilé nígbà tí iṣẹ́ wọn parí. Ìjọba Lugard pẹ̀lú kéde pé òmìnira ni ọmọ tí a bá bí ní Àríwá Nàìjíríà lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kẹta 1901. Ọjọ́ ìbí wá di ohun tí ó ń ya ẹrú sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ.

Òfin 1960 àti ti 1979

Kí ó tó di 1960, ẹni tí a bí ní Èkó jẹ́ ọmọ abẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ẹni tí a bí ní Lọ́kọ́ja wà lábẹ́ ààbò ọba náà lásán. Òfin ìpìlẹ̀ 1960 pa àwọn méjèèjì pọ̀. Ẹni tí a bí ní Nàìjíríà di ọmọ Nàìjíríà ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún náà, bí a bá bí òbí rẹ̀ kan tàbí òbí àgbà rẹ̀ kan sí ilẹ̀ yìí. Ẹni tí kò ní irú òbí bẹ́ẹ̀ ní àǹfààní láti forúkọ sílẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1962. Bí kò bá tíì pé ọdún 21, òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ ni yóò bá a kọ̀wé.

Òfin 1979 yí ìbéèrè náà padà, òfin 1999 sì tẹ̀ lé e. Fún ẹni tí a bí kí òmìnira tó dé, kì í ṣe ibi tí a ti bí òbí rẹ̀ ni wọ́n ń wò mọ́, bí kò ṣe bóyá òbí tàbí òbí àgbà rẹ̀ jẹ́ ti àwùjọ kan tí ó jẹ́ onílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ìyàtọ̀ ńlá ni èyí. Lábẹ́ òfin 1960, ọmọ-ọmọ Fante kan tí ó bá Royal Niger wá sí Lọ́kọ́ja lè sọ pé, "Ibí ni a bí baba mi sí." Ìdáhùn yẹn tó nígbà náà. Lábẹ́ òfin 1979, wọn yóò tún bi í pé, "Ta ni àwọn ènìyàn yín?" Ìran ti gba ipò ìbí.

Ẹnu Ọ̀nà Kàdúná

Ní 1964 ni a dá Nigerian Defence Academy, tí a mọ̀ sí NDA, sílẹ̀ ní Kàdúná. Ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí ni ó ń gbà, ẹni tí ó bá sì kọ̀wé sí i gbọ́dọ̀ fi ìwé ẹ̀rí ìpínlẹ̀ tí ó ti wá hàn. Èyí bá òfin ìpìlẹ̀ mu, nítorí pé ó ní kí àwọn ọ̀gá ológun àti ọmọ ogun yòókù wá láti ìhà gbogbo.

Àtìpó lè gba ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè lẹ́yìn tí ó bá ti gbé ilẹ̀ yìí fún ọdún 15, tí ó ti pé ọdún 18, tí àwọn ará àdúgbò rẹ̀ sì tẹ́wọ́ gbà á. Ọmọ tí ó bá bí lẹ́yìn náà jẹ́ ọmọ Nàìjíríà nípa ìbí. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ti bí ṣáájú ńkọ́? Lójú àwọn ará àdúgbò, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹnu ọ̀nà Kàdúná ni a ti ń bi ẹ̀gbọ́n léèrè ohun tí a kò bi àbúrò. Bí ẹ̀gbọ́n bá tilẹ̀ gba ìwé tirẹ̀ lẹ́yìn náà, kì í ṣe nípa ìbí ni ó fi gbà á. NDA sì máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ìjọba ilẹ̀ Áfíríkà mìíràn bá rán wá. Nítorí náà, àlejò tí ìjọba rẹ̀ rán lè wọlé, kí ẹni tí ó dàgbà sí Lọ́kọ́ja sì dúró lóde.

Bí Ọ̀rọ̀ Ṣe Rí Níbòmíràn

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Gánà fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kó ẹrù wọn. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ni ó wà nínú wọn, àwọn kan sì bí ọmọ sí ibẹ̀. Ní 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà jáde. Ní Amẹ́ríkà, òfin 1862 jẹ́ kí àlejò tí ó bá jagun tí a sì dá a sílẹ̀ pẹ̀lú ìyìn di ọmọ orílẹ̀-èdè lẹ́yìn ọdún kan péré tí ó ti ń gbé ibẹ̀. Títí di òní, àlejò tí ó ní ìwé ìgbélùú tí kò lọ́jọ́ lè di ọmọ ogun kékeré níbẹ̀, kí ó sì gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀ di ọmọ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ẹ̀kọ́ West Point ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, àfi bí ìjọba tirẹ̀ bá rán an wá.

Àgbálọgbábọ̀

A kò sọ pé kí orílẹ̀-èdè fi ọmọ ogun rẹ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Oko kì í jẹ́ ti baba ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Ohun tí ìtàn Lọ́kọ́ja kọ́ wa ni pé ibi tí a fa ààlà náà sí ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín àádọ́jọ ọdún: láti orí iṣẹ́ tí ènìyàn ṣe, dé orí ibi tí a bí i sí, dé orí ìran tí ó ti wá. Ènìyàn ni ó fà á, ènìyàn sì lè tún un fà. Òfin 1960 mọ̀ pé ọmọdé kò lè dá kọ̀wé fún ara rẹ̀, ó sì fún òbí rẹ̀ láṣẹ láti ṣe é kí àkókò tó kọjá. Bí a bá dá irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ padà fún ọmọ àtìpó tí a bí sí ilẹ̀ yìí, a ó lè bi í ní ohun tí ó lè ṣe fún Nàìjíríà kí a tó bi í ní ibi tí baba rẹ̀ ti wá. Ìbí kò ju ìbí. Bí a ti bí ẹrú ni a bí ọmọ.